Ọdún Tí A Yọ Fóònù Oníwáyà Nílé Tíṣà

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa nílé wa ní Òmù-Àrán, ohùn mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́ lórí ẹní. Àkọ́kọ́ ni ìgbálẹ̀ Mọ́mì ní ojúde, ṣáá, ṣáá, ṣáá, tí kì í yára, tí kì í dúró. Ìkejì ni aago ọwọ́ tí Bàbá Àgbà máa ń lù fún àdúrà òwúrọ̀. Aago ilé-ìwé ni, wọ́n gbé e bọ̀ wálé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì, kò sì sẹ́ni tó láyà láti bi wọ́n pé ta ló fún wọn. Ìkẹta ni ti Ìyá Àgbà. Wọn á rọra wọ pálọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, wọn á ká aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú hun kúrò lórí tẹlifóònù, wọn á gbé e sétí, wọn á sì dúró síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Tí èèyàn bá dákẹ́ dáadáa, á gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́, ùùùù gígùn kan tó ń jáde láti inú wáyà. Ìyá Àgbà á ní, "Ó ṣì ń mí." Wọn á gbé e kalẹ̀, wọn á bò ó padà, wọn á lọ máa dáná.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé tẹlifóònù yẹn, torí àwọn ọmọ mi ò gbà mí gbọ́ tí mo bá ń sọ ọ́. Dúdú ni, ó sì wúwo débi pé èèyàn lè fi fọ́ ẹ̀kùrọ́. Bàbá Àgbà ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ìjọ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ìlú, títí kan ìyàwó wọn, fi ń pè wọ́n ní Tíṣà, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ fa wáyà fóònù wọlé ládùúgbò wa. Àgádágodo kékeré kan wà lójú ibi tí wọ́n fi ń yí nọ́ńbà, àpò Tíṣà sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé. Ẹnikẹ́ni lè gbé fóònù tó bá dún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè pe ẹni tó wà níta àfi tí Tíṣà bá ṣí i. Lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé eléèpo líle kan so kọ́ sórí ìṣó, ìwé nọ́ńbà là ń pè é. Gbogbo ilé ló ń kọ nǹkan sí i. Àwọn ojú ewé tí Mọ́mì bá kọ máa ń rùn irú, torí wọn kì í dúró fọwọ́ kí wọ́n tó mú bírò.

Ojú ewé ti Mọ́mì tún ní ìṣòro mìíràn. Ìyàwó ilé ni Mọ́mì, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ju bí àwọn ìyàwó ìsinsìnyí ṣe gbà á gbọ́ lọ. Ẹni yòówù tí wọ́n bá nínú ilé ọkọ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé, wọn kì í dárúkọ rẹ̀, kódà kó jẹ́ ọmọ tó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní nígbà náà. Orúkọ tiwọn ni wọ́n máa ń fún un. Bùọ̀dá Táyọ̀, àbúrò Dádì, Akọ̀wé ni Mọ́mì ń pè wọ́n, torí gbogbo ògiri ni wọ́n ń kọ nǹkan sí ní kékeré. Ẹ̀gbọ́n Dádì obìnrin tó wà ní Ìlọrin, Ìbàdíàrán ni. Bí Mọ́mì bá sì kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé, orúkọ tí wọ́n fún wọn náà ni wọ́n máa kọ. Dádì tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin máa ń wálé ní ìparí oṣù, wọn á ṣí ìwé náà, wọn á máa rẹ́rìn-ín nìkan.

Orúkọ kan ṣoṣo ló wà tí gbogbo wa kì í pè, èyí ò sì sí lọ́wọ́ Mọ́mì. Àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà ni Àńtí Bọ́lá. Tíṣà ti wá iṣẹ́ olùkọ́ fún wọn, wọ́n ti bá àwọn àgbà ìjọ sọ̀rọ̀, wọ́n ti rán aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àárọ̀ ọjọ́ náà la bá lẹ́tà lábẹ́ Bíbélì Tíṣà pé Àńtí Bọ́lá ti gba òkè òkun lọ láti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Tíṣà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ká a, wọ́n ní, "Kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí mọ́." Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà náà. Ohun tí mo rántí nípa Àńtí Bọ́lá kò ju ẹ̀rín lọ, ẹ̀rín ńlá kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé tó sì máa ń bá èèyàn ní yàrá. Fún ọdún mẹ́fà, kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn, a ò sì rí lẹ́tà mìíràn gbà. Ìdí rèé tí Ìyá Àgbà fi ń gbé fóònù sétí láràárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ń ṣọ̀fọ̀ nídìí ààrò, Mọ́mì á kàn sọ pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Ara ń sọ fún mi pé àlàáfíà ló wà." Ìyá Àgbà á ní kí ara Mọ́mì máa sọ òótọ́.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìjì àkọ́rọ̀ òjò wó òpó wáyà lójú ọ̀nà Ẹsìẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà gbé fóònù sétí, wọ́n dúró pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n tún gbé e. Wọn ò sọ pé ó ń mí. Tíṣà wọ agbádá lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ni wáyà, wọ́n bá ọdẹ kan níbẹ̀ tó sá ẹ̀lùbọ́ sí gbogbo àgbàlá. Ọdẹ náà ní àwọn ọ̀gá òun ti kó lọ, òun náà ń retí wọn, ó sì fún Tíṣà ní àga. Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́ta kọjá. Òpó náà wà nílẹ̀ níbi tó ṣubú sí, ewúrẹ́ ń fi í yún ara. Ìyá Àgbà kò torí ìyẹn dẹ́kun àtigbé fóònù láràárọ̀.

Bùọ̀dá Táyọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́bàá géètì yunifásítì. Wọ́n wá lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, wọ́n jẹ iyán tán, wọ́n ní àwọn fẹ́ yọ fóònù oníwáyà, àwọn sì fẹ́ fi ti íńtánẹ́ẹ̀tì rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní díṣì kékeré kan ló máa wà lórí òrùlé, wáyà kúkúrú kan máa wọlé sára àpótí kan, àpótí náà ló máa gbé fóònù, èèyàn á sì lè bá ẹni tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ títí á fi sú u.

Ìyá Àgbà bi wọ́n pé, "Wáyà tó gba ojú títì dà?"

"Kò sí mọ́, Màmá. Afẹ́fẹ́ ló ń gbà."

"Tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Ti wáyà kì í jẹ iná."

Bùọ̀dá Táyọ̀ họ orí. Òótọ́ ni Ìyá Àgbà sọ. Gbogbo ìlú á wà nínú òkùnkùn, fóònù dúdú yẹn á sì máa mí ní tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta ló ba nǹkan jẹ́.

"Nọ́ńbà wa ńkọ́?"

"Á yí padà, Màmá. Nọ́ńbà tuntun ni wọ́n máa fún wa."

Ìyá Àgbà dìde. Wọ́n wọ́ àga wọn lọ síwájú tábìlì fóònù, wọ́n jókòó, wọ́n kó ọwọ́ lé itan. "Kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́," ni wọ́n wí. Bùọ̀dá Táyọ̀ ṣàlàyé títí, wọ́n tilẹ̀ ya díṣì náà sórí bébà, pàbó ló já sí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àti Ìyá Àgbà jọ ń pa ẹ̀gúsí, mo bi wọ́n léèrè ohun tí nọ́ńbà fi ṣe pàtàkì bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn bóyá Tíṣà wà nítòsí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ò mọ nọ́ńbà mìíràn. Láti kékeré ni mo ti kọ́ ọ bí ẹni kọ́ ọ lórin. Tó bá pè lọ́la ńkọ́, tí wọ́n sọ fún un pé kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́?" Mo wo ọwọ́ wọn, wọ́n ti pa ẹ̀gúsí kan náà wó mọ́ èèpo.

Ohun tó yí Ìyá Àgbà lọ́kàn padà, èmi nìkan ni mo rí i, mo sì ti ń pa á mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Lọ́sàn-án kan tí ilé dá, mo wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn pálọ̀ tí mo ń jí súgà lá, mo rí Tíṣà. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ká aṣọ funfun kúrò, wọ́n gbé fóònù sétí. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn tí wọ́n ti fi ojú ara wọn rí òpó wáyà tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bò ó padà, wọ́n sì lọ jókòó sídìí ìwé ìròyìn. Ìyá Àgbà dé, wọ́n rí i pé aṣọ náà wà ní òdìkejì. "Fúnmi, ìwọ lo fọwọ́ kan ibí?" Mo ní èmi kọ́. Wọ́n wo àga Tíṣà títí, Tíṣà ò sì gbójú sókè. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Ìyá Àgbà ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe Táyọ̀. "Tó bá jẹ́ pé àwa méjèèjì là ń tẹ́tí sí wáyà tó ti kú, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ nǹkan kan. Kó gbé tiẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n tèmi ò ní kúrò lórí tábìlì."

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n wá ṣe é, ọjọ́ náà sì dùn bí ọjọ́ ọdún. Bùọ̀dá Táyọ̀ gun òrùlé, páànù ń ró gbàgà gbàgà, àwọn adìyẹ ń sá kiri, ìdajì àdúgbò sì wá dúró sí ojúde láti máa sọ fún wọn ibi tó yẹ kí wọ́n kọjú díṣì sí. Ẹnì kan ní kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí Ìlọrin, ẹlòmíràn ní ìhà ṣọ́ọ̀ṣì ló dáa. Lẹ́yìnkùlé, Mọ́mì ti se iṣu, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán, mo sì ń gbọ́ ọmọ odó bó ṣe ń sọ̀. Nígbà tó yá, Bùọ̀dá Táyọ̀ wọlé, wọ́n to àpótí náà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù dúdú, iná pupa tàn lára rẹ̀, ó di àwọ̀ ewé. Wọ́n gbé fóònù tuntun náà fún Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà fetí sí i, wọ́n ní, "Ohùn tirẹ̀ tinrín. Ṣùgbọ́n ó ń mí."

Fóònù tuntun yẹn ní ibi tí wọ́n ń kó orúkọ sí, Bùọ̀dá Táyọ̀ sì ní kí n mú ìwé nọ́ńbà wá, kí n máa kà, káwọn máa tẹ̀. Tíṣà wà lórí àga wọn, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Mo ka ti pásítọ̀, mo ka ti oníyẹ̀fun, mo ka Ìbàdíàrán, Bùọ̀dá Táyọ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo dé ojú ewé tó kẹ́yìn pátápátá, níbi tí nọ́ńbà gígùn kan dá wà, mo ka orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ sókè ketekete, torí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo mọ̀wé kà.

"Eyínfúnjowó."

Ọwọ́ Bùọ̀dá Táyọ̀ dúró. Mo wo Ìyá Àgbà, ẹnu wọn wà ní yíyà. Èmi ò gbọ́ orúkọ náà rí, torí kò sẹ́ni tó pè é láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Ìwé ìròyìn Tíṣà rọra sọ̀ kalẹ̀.

"Tún un kà," ni Ìyá Àgbà wí. Mo tún un kà. Wọ́n di apá àga mú. "Orúkọ tí ìyàwó wa ń pe Bọ́lá nìyẹn." Bí wọ́n ṣe dárúkọ Bọ́lá nìyẹn lójú Tíṣà, wọn ò sì mọ̀ pé ó ti bọ́ lẹ́nu wọn.

Tíṣà nahùn sí ẹ̀yìnkùlé. "Ìyá Fúnmi."

Ọmọ odó dákẹ́. Mọ́mì wọlé, iyán lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n rí ìwé tó wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ mi, wọ́n sì kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ni mo sọ nínú ilé yìí?"

"Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀, sà." Mọ́mì gbé ojú sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn wọn ò gbọ̀n. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, mi ò dárúkọ rẹ̀ rí."

Ogójì ọdún tí Tíṣà fi bá ọmọ ilé-ìwé ṣẹjọ́, mi ò rò pé wọ́n ti rí irú èsì bẹ́ẹ̀ rí. Mọ́mì wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ó ti tó ọdún méjì, fóònù dún lọ́sàn-án kan tí àwọn nìkan wà nílé, àwọn gbé e, Àńtí Bọ́lá ni. Ó ti di nọ́ọ̀sì, ara rẹ̀ le. Ó fún wọn ní nọ́ńbà, ó sì ní òun ò ní pè mọ́, kí wọ́n má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun pè, àfi lọ́jọ́ tí bàbá òun bá dìídì béèrè òun. "Ó ní ọmọ Tíṣà lòun, sà. Orí òun ò lè rọ̀ ju ti Tíṣà lọ."

Ìyá Àgbà ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. "Ìwọ mọ̀ pé ọmọ mi wà láàyè, o sì ń wò mí láràárọ̀?" Omi ti wà lójú wọn. Mọ́mì fi orúnkún rìn lọ bá wọn, àwọn náà ń sunkún. "Ẹ dárí jì mí, Mà. Ó fi Ọlọ́run bẹ̀ mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní ara ń sọ fún mi, ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ pé ara mi kì í sọ̀rọ̀." Ìyá Àgbà wò wọ́n. Wọ́n na Mọ́mì ní ẹ̀ṣẹ́ kékeré kan léjìká, lẹ́yìn náà ni wọ́n fa orí Mọ́mì mọ́ra.

A wá ń retí Tíṣà. Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n fi í sójú padà. "Táyọ̀," ni wọ́n wí, "tẹ nọ́ńbà náà."

Bùọ̀dá Táyọ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n tẹ ibi tí gbogbo ilé fi lè máa gbọ́, wọ́n sì gbé fóònù sọ́wọ́ Tíṣà. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn obìnrin kan ní, "Hẹ́lò?"

Ọmọ Tíṣà ni lóòótọ́, torí Tíṣà náà ò mọ bí wọ́n ṣe máa gbé òfin tí wọ́n ṣe fúnra wọn kúrò. Wọ́n ní, "Eyínfúnjowó."

Ìyá Àgbà fi etí aṣọ nu ojú. "Tíṣà," ni wọ́n wí, "ìgbà wo lẹ di ìyàwó ilé yìí?"

Bùọ̀dá Táyọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, Mọ́mì tẹ̀ lé e níbi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí, àwọn ará àdúgbò tó wà lójú fèrèsé náà ń rín. Láti inú àpótí kékeré yẹn, ẹ̀rín kan jáde tó kún gbogbo pálọ̀, mo sì mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín ẹ̀yìnkùlé ni. Ibẹ̀ ni wọ́n mú iná lọ. Fáànù dúró, àpótí kú, ẹ̀rín náà gé lójijì.

"Mo sọ fún yín," ni Ìyá Àgbà wí. "Ti wáyà kì í jẹ iná."

Bùọ̀dá Táyọ̀ ti sáré jáde. A gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí iwájú jálòpì wọn, a gbọ́ bí nǹkan ṣe ń já bọ́ nílẹ̀, wọ́n sì gbé bátìrì mọ́tò wọlé mọ́ àyà, aṣọ wọn ti bàjẹ́. Wọ́n so ó mọ́ àpótí náà. Ohun tí mo ń rò lọ́kàn ni pé bóyá Àńtí Bọ́lá máa rò pé bàbá wọn ló pa fóònù. Mo rò pé Tíṣà náà ń rò ó, torí wọn ò tíì gbé fóònù kalẹ̀, wọ́n ṣì dì í mú bẹ́ẹ̀. Iná pupa tàn. Ó pẹ́ kó tó di àwọ̀ ewé. Bùọ̀dá Táyọ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e sórí àpótí kí wọ́n lè tún nọ́ńbà tẹ̀, fóònù náà sì dún.

Nọ́ńbà tí a ò tíì kọ sínú ìwé, tí àwa gan-an ò tíì mọ̀ lórí, ni ẹnì kan ń pè. Bùọ̀dá Táyọ̀ ní, "Ó hàn lójú fóònù tiẹ̀ nígbà tá a pè é." Ọwọ́ Ìyá Àgbà ti wà lórí fóònù. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń retí kí wọ́n gbé e. Wọ́n mú ọwọ́ kúrò, wọ́n wo ọkọ wọn. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé e."

Tíṣà gbé e.

"Bọ́lá," ni wọ́n wí. A ò gbọ́ ohun tí òdìkejì sọ, torí ẹkún ni. Tíṣà dúró kó tán díẹ̀. "Bọ́lá, ṣé o ti jẹun?"

Èmi náà ti di ìyàwó ilé báyìí, mo ti fún àwọn ọmọ ilé ọkọ mi lórúkọ, àgádágodo kékeré yẹn sì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Iyán ọjọ́ náà ti tutù nínú odó kí ẹnikẹ́ni tó rántí rẹ̀, a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo máa ń rántí jù. Mo jí lórí ẹní, mo gbọ́ ìgbálẹ̀ Mọ́mì, mo gbọ́ aago Tíṣà. Mo dúró de ohùn kẹta, mi ò gbọ́ ọ. Mo dìde lọ wo yàrá Ìyá Àgbà, wọ́n ṣì ń sùn.